Lẹ́tà ìwé ló kéré, ọmọ àfín kì í ṣe olódo

Bí ọjọ́ 13 oṣù kẹfà bá ti pé lọ́dọọdún, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àfín láti ọdún 2015, ọ̀rọ̀ awọ ara ló máa ń gba gbogbo ẹnu. Wọ́n á pín ìpara tó ń dènà oòrùn, wọ́n á pín fìlà, dókítà á kìlọ̀ nípa jẹjẹrẹ awọ. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí oòrùn ilẹ̀ wa ń pa àfín, kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi ṣeré. Àmọ́ ohun tó ń bá ọmọ àfín ọdún 6 wọ kíláàsì lójoojúmọ́, ojú ni. Ní tèmi, ìdí ìwé kíkà la ti ń ṣe ìkà fún àfín jù, ìkà tí ẹni tó ń ṣe é kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ohun tí a ó fi tún un ṣe kò wọ́n rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ojú náà ṣe rí. Èròjà tó ń fún awọ àti irun ní dúdú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní melanin, wà nínú ẹyinjú pẹ̀lú. Òun ló ń jẹ́ kí òrùka tó yí ọmọlójú ká ṣú, kí ìmọ́lẹ̀ má lè gba ibòmíràn wọlé. Lójú àfín, òrùka yẹn dà bíi kọ́tìnnì tó fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń gba ara rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi máa ń dijú bó bá bọ́ sí gbangba. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ nìkan kọ́. Láti inú oyún ni melanin ti ń lọ́wọ́ sí bí ẹ̀yìn ẹyinjú ṣe ń dàgbà, pàápàá ojú ibi bíńtín kan láàárín rẹ̀ tí a fi ń rí ohun wẹ́wẹ́ bíi lẹ́tà. Bí melanin kò bá tó, ibẹ̀ kì í dàgbà tán. Àwọn iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ pàápàá a máa ṣìnà: púpọ̀ nínú àwọn tó yẹ kó dúró sí apá kan á kọjá sí apá kejì, ojú méjèèjì kì í sì í lè pawọ́ pọ̀ dáadáa láti mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí. Kó tó pé oṣù mélòó kan tí wọ́n bí i, ẹyinjú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì sọ́tùn-ún sósì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àfín ni ìríran wọn wà láàárín 6/18 sí 6/120. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 6/60 gbọ́dọ̀ sún mọ́ nǹkan títí yóò fi ku mítà 6 kó tó rí ohun tí ẹlòmíràn ń rí láti mítà 60.

Ẹ wá gbé ojú yìí wọ kíláàsì. Fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, oòrùn aago mẹ́wàá ń wọlé tààrà, ṣọ́ọ̀kì kò sì hàn dáadáa lára pátákó tí wọn kò kùn láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n fi ọmọ àfín sẹ́yìn nítorí pé ó ga. Kò rí nǹkan kan. Ó ń yọjú wo ìwé ẹni tó jókòó tì í, onítọ̀hún sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ bo tirẹ̀. Nígbà tó bá kan ìwé kíkà, á gbé ìwé súnmọ́ imú, á tún yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yíyí orí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn tíṣà fojú sí. Apá kan wà tí ọ̀pọ̀ àfín lè kọ ojú sí tí mímì ẹyinjú wọn á rọlẹ̀, tí lẹ́tà á sì dúró díẹ̀. Ọmọ náà wá ibẹ̀ rí fúnra rẹ̀ ni, dókítà kankan kò kọ́ ọ. Tíṣà tó bá jágbe mọ́ ọn pé kó kọjú síwájú, kó yéé wo òun ní ìwò-kuwò, nǹkan kan ṣoṣo tó fi ń ríwèé kà ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Ọmọ náà kò sì ní fẹjọ́ sùn. Bó ṣe ń ríran láti ọjọ́ tó ti dáyé náà ló ń ríran, kò mọ̀ pé àwọn yòókù ń rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó rí ni pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń kà á, òun kò lè kà á. Kí wọ́n tó pè é ní olódo, ó ti pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan á ní, ṣebí kí wọ́n ra awò ojú fún un. Kí wọ́n rà á. Ọ̀pọ̀ àfín ni awò tó bá ojú wọn mu máa ń ràn lọ́wọ́, awò dúdú àti fìlà etí gbọọrọ sì ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Àmọ́ kò sí awò tó lè mú ibi tí kò dàgbà nínú ẹyinjú dàgbà, ìdí sì nìyẹn tí òbí tó ti náwó sórí awò fi máa ń bínú nígbà tí ọmọ kò bá tún rí pátákó. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta awò aláwọ̀ mèremère pé ó ń wo ìṣòro ìwé kíkà sàn. Ní 2009, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé àti ti àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà jọ sọ ọ́ pé ẹ̀rí kò gbe ìlérí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn.

Àwọn òbí mìíràn ń gbá ọmọ létí nítorí pé ó ń fi imú kàwé, wọ́n ní ojú rẹ̀ á fọ́. Kò ní fọ́. Ìwé tí a gbé kúrò ní sẹ̀ntímítà 40 wá sí sẹ̀ntímítà 10, lẹ́tà rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́rin lójú ẹni tó ń kà á, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ti àwọn tó ní kí wọ́n kúkú mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ afọ́jú náà kò yé mi. Ọ̀pọ̀ àfín ń rí lẹ́tà, bó bá ṣáà ti tóbi tó. Kí ni a ó máa kọ́ ẹni tó lè fojú kàwé ní ìwé àfọwọ́kà sí? Lọ́nà ìbílẹ̀ wa, ẹni òòṣà ni àfín, Ọbàtálá ló mọ ọ́n, a kò sì gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀wọ̀ náà dára, àmọ́ kò sọ lẹ́tà kan di ńlá.

Àwíjàre tó lágbára jù ni ti tíṣà tó ní ọmọ 70 níwájú, tí owó oṣù rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Mo gbà pé ọrùn rẹ̀ ti wọ̀. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ohun tí a ń bẹ̀ ẹ́ sí. Kó gbé ọmọ náà síwájú, kó jẹ́ kó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Kó máa ka ohun tó bá ń kọ sójú pátákó jáde lẹ́nu, èyí tí yóò ran àwọn tó wà lẹ́yìn náà lọ́wọ́. Kó jẹ́ kí ọmọ náà dìde lọ bá pátákó nígbà tó bá fẹ́. Ní ti ìbéèrè ìdánwò, bí a bá sọ ìwé A4 di A3 lórí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, lẹ́tà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 12 á di 17, ìwé mẹ́rin péré sì lè tó ọmọ kan fún iṣẹ́ kan. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba owó aṣọ eré ìdárayá lọ́wọ́ òbí kò lè sọ pé agbára òun kò ká ìyẹn. Àlékún àkókò nìkan ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀, torí àwọn kan ń pè é ní ojúsàájú. Ẹni tó ń gbé ojú lọ lẹ́tà lẹ́tà lórí ìlà kan náà tí ẹlòmíràn ń gbá lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá gba ìwé lọ́wọ́ àwọn méjèèjì nígbà kan náà, ìyára ojú la dán wò. Ìmọ̀ tí a ní a fẹ́ mọ̀, a kò tíì débẹ̀.

Òfin kò ṣàìsí. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe tirẹ̀ fún àwọn tó ní ìpèníjà ara ní 2011. Ti ìjọba àpapọ̀, òfin 2018 tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀, ó sì ka àìríran dáadáa tó wà pẹ́ títí mọ́ ìpèníjà. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú kíláàsì, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọdún kìíní ni mo sì fi í sí lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tí ọmọ àfín bá wọlé, kó jẹ́ kó rìn yí kíláàsì ká títí yóò fi rí ibi tó ti lè ka pátákó, kó kọ ibẹ̀ àti ìwọ̀n lẹ́tà tó ń rí sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ náà, kí wọ́n sì máa gbé e lé tíṣà tó kàn lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Bí ọmọ náà bá di ẹni tó fẹ́ ṣe WAEC, tí wọ́n béèrè ẹ̀rí kí wọ́n tó fún un ní ìwé onílẹ́tà ńlá àti àlékún àkókò, àkọsílẹ̀ ọdún 12 ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yóò gbé síwájú wọn.