Dúrójayé Pé Ọdún Kan: Bàbá Ìbejì, Ẹ Kú Oríire!

Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire o! Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire, ẹ sì kú àmúmọ́ra! Ọ̀gá mẹkáníìkì wa ní Ìwó Road, ẹ̀yin tí wọ́n ní ẹ fẹ́ kó ẹni ẹlẹ́ni sí gbèsè, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá! Alùpùpù tí gbogbo àdúgbò ti ní ká gbé fún àwọn tó ń ra irin àlòkù ti pé ọdún kan tó padà sójú títì. Ó ti dé Ìséyìn, ó ti dé Ẹdẹ, ó ti gun àwọn òkè Èkìtì, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láìyẹ̀, láìgbọ̀n. Ewu iná kì í pa àwòdì. Àwòdì wa rèé, ẹ wá wò ó, ó ń dán yanran nínú àgbàlá.

Ẹni tí kò mọ bó ṣe jẹ́ lè máa wò wá pé kí ló kó àwọn àgbàlagbà sí pípa ewúrẹ́ nítorí alùpùpù. Ẹ ṣáà fi wá sílẹ̀. A ń ṣílé, a ń wẹ ọkọ̀ tuntun, a ń jẹ, a ń mu lé e lórí. Kí ló wá dé tí a kò ní yọ̀ fún èyí tó kú, tó jí, tó sì lágbára lẹ́yìn àjíǹde ju bó ṣe wà kó tó kú lọ?

Dúrójayé lorúkọ rẹ̀ báyìí. Ìyá Ìbejì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kó tó di pé ó ṣubú, kò lórúkọ. Suzuki SV650 ti ọdún 2001 ni, tòkunbọ̀. Ọdún 1999 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, ẹ́ńjìnnì 645 cc, sílíńdà méjì tó yà bíi lẹ́tà V. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ìjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ó ń fà láti ìsàlẹ̀, kì í ga ohùn láìnídìí, ẹni tó ń kọ́ pawa-báìkì lè gùn ún, ògbólógbòó náà lè gùn ún kó má sú u. Àmọ́ owó tó mọ níwọ̀n ni wọ́n ṣe é fún, iwájú rẹ̀ náà sì mọ níwọ̀n.

Nínú ṣọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ àtijọ́, ọ̀pá kan wà tí wọ́n lu ihò sí lára. Bí táyà bá gun gegele, ọ́ìlì á gba ihò yẹn kọjá. Gegele wẹ́wẹ́, kò sí wàhálà, ọ́ìlì á kọjá wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kí táyà já sínú kòtò lójijì, ọ́ìlì púpọ̀ á fẹ́ gba ihò kékeré lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní ráyè, ṣọ́ọ̀kì á le gbagidi, ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún ni yóò jẹ ìyà tó kù. Bí ẹ bá tún wá di bíréèkì mú gírígírí, sípíríǹgì tó rọ̀ á tẹ̀, iwájú á dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó fúyẹ́ lè máà kà á sí. Ní ti ẹni tó ń wọn ìwọ̀n Bàbá Ìbejì (ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìlú ló mọ̀), ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Kí n má fi ìbànújẹ́ ba ọjọ́ ayọ̀ jẹ́, ńṣe ni n ó sáré gba ibẹ̀ kọjá. Àárọ̀ ọyẹ́ ni, lọ́nà Mọ́níyà. Típà kan ti da yanrìn sílẹ̀ ní kọ́nà, kò sì dúró kó o. Ẹ̀gbọ́n wa rí i, wọ́n di bíréèkì mú, iwájú rì, táyà yọ̀ lórí yanrìn, alùpùpù lọ di gbàgà mọ́ kọnkéré ojú gọ́tà. Egungun èjìká ṣẹ́. Akoto là, orí kò là. Ẹ rántí January 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní dandan ni kí ọlọ́kadà máa dé akoto, táwọn kan gbé igbá dérí kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. A rẹ́rìn-ín títí nígbà náà. Ká ní igbá ni ẹ̀gbọ́n wa dé lọ́jọ́ náà, ìwé mìíràn ni mo máa kọ.

Ní ti alùpùpù, ṣọ́ọ̀kì méjèèjì ti tẹ̀ sẹ́yìn débi pé táyà wọlé bá rádíétọ̀. Rọ́ọ̀mù wọnú, dísìkì kan wọ́, táńkì ní kòtò lára. Àwọn tó wá kí aláìsàn nílé ìwòsàn yà wò ó, wọ́n mi orí. Ẹni tó ní ká tà á, ẹni tó ní ká sun ún. Ìyá Ìbejì nìkan ló sọ ọ̀rọ̀ tó wà létí mi dòní: “Bí ẹ bá máa tún un ṣe, kí ẹ má tún un ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló ṣe ṣubú.” Obìnrin tí kò gun alùpùpù rí láyé rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀! Gbogbo àwa tó ń pe ara wa ní ọ̀jọ̀gbọ́n ojú títì dákẹ́.

Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n tú iwájú palẹ̀ pátápátá, wọ́n wẹ ọrùn ṣáàsí mọ́ tónítóní, wọ́n na okùn láti ara táyà ẹ̀yìn wá síwájú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n. Álúmíníọ̀mù ni ṣáàsí SV650, kì í ṣe irin tí wẹ́dà etí títì lè fi iná nà. Bí ọrùn rẹ̀ bá ti yí, tàbí tó sán, kí wọ́n fi erùpẹ̀ bò ó ló kù. Wọ́n wá ibi tó sán títí, wọn kò rí i. Ṣáàsí gún régé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ayọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Wọn kò fẹ́ ra ṣọ́ọ̀kì SV mìíràn. Odidi iwájú GSX-R750 ti 2004 ni wọ́n fẹ́: ṣọ́ọ̀kì, ìdìmú òkè àti ìsàlẹ̀, rọ́ọ̀mù, dísìkì, kálípà, títí kan másítà bíréèkì. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àdáṣe wọn o. Káàkiri ayé ni àwọn tó fẹ́ràn SV ti ń ṣe é. Wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó, wọ́n rí tòkunbọ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti run ṣùgbọ́n tí iwájú rẹ̀ pé. Oníṣòwò tó ni ín kò fẹ́ já iwájú náà sí wẹ́wẹ́, ó fẹ́ tà á lódindi. Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn. Ìnáwó yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ láàárín tọkọtaya.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ jẹ́ mìlímítà 41. Tuntun jẹ́ 43, wọ́n sì dorí rẹ̀ kodò, ìyẹn ni pé apá tó nípọn ló wà lókè níbi tí ìdìmú ti gbá a mú, nítorí náà kì í tẹ̀ síwá-sẹ́yìn nígbà tí bíréèkì bá mú. Ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá nínú rẹ̀ kì í ṣe ihò lásán: awẹ́ irin pẹlẹbẹ ló bo ẹnu ọ̀nà, á ṣí díẹ̀ fún gegele kékeré, á ṣí gbàgàdà fún kòtò ńlá. Ẹ lè fi sípánà yí i kó le tàbí kó rọ̀. Kálípà SV ní písítọ́nù méjì tí ń tì láti ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí ní mẹ́rin, méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, wọ́n sì de bóòtì rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́, kí kálípà má baà yí nígbà tí páàdì bá gbá dísìkì mú. Dísìkì kúrò ní mìlímítà 290, ó di 300. Ó jọ ohun kékeré létí. Ẹ bi ìka tó ń fà á.

(Ẹ̀yin tó fẹ́ràn ìtàn, ẹ fi èyí sápò: ọdún 1935 ni BMW ti gbé ṣọ́ọ̀kì iwájú ọlọ́ìlì jáde fún títà, 1969 sì ni Honda CB750 mú bíréèkì dísìkì iwájú dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Àwa náà ń jẹ nínú oko tí àwọn yẹn ro.)

Mẹkáníìkì mìíràn ì bá kàn dè é mọ́ ọn kó sì gbowó. Ọ̀gá kò gbọ́kàn lé àlòkù títí wọ́n fi dán an wò. Wọ́n fa ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì yọ, wọ́n ní kí Ìyá Ìbejì yá àwọn ní gíláàsì orí tábìlì pálọ̀. Gíláàsì pálọ̀ o! Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n ń wò bóyá ìmọ́lẹ̀ á yọ lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ibi tó ti yọ. Ìyá Ìbejì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe tán, kì í ṣe ọ̀pá ni wọ́n ń ṣọ́.

Iṣẹ́ kò lọ geere. Ṣọ́ọ̀kì tuntun kúrú ju ti àtijọ́, wọ́n ní láti gbé e sí ibi tó ga jù lọ nínú ìdìmú kí iwájú má baà rẹlẹ̀ kí háńdù sì máa sáré yí jù. Ìdìmú náà fẹjú, ó fẹ́ máa gbá táńkì bí ẹ bá yí háńdù dópin, wọ́n tún ibi ìdádúró rẹ̀ ṣe. Ní SV àtijọ́, ara táyà iwájú ni wáyà aago eré ti ń wá. Rọ́ọ̀mù GSX-R kò ní àyè fún un. Kí ni wọ́n ṣe? Aago kẹ̀kẹ́ ọmọdé, onímágínẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n rà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ háńdù. Pawa-báìkì tó lè sá 200, aago kẹ̀kẹ́ ló ń ka eré rẹ̀. Àwọn èwe ẹgbẹ́ wa ṣì ń fi ṣe ẹlẹ́yà, bẹ́ẹ̀ aago náà kò tíì parọ́ rí.

Bíréèkì ló gba sùúrù jù. Wọ́n ju rọ́bà àtijọ́ tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì dànù, nítorí rọ́bà máa ń wú bí ọ́ìlì bá fi agbára tì í, wọ́n fi èyí tí wọ́n fi wáyà irin hun lára rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Ọmọ iṣẹ́ kan ń tẹ ọwọ́ bíréèkì, èkejì ń ṣí nọ́ọ̀tì ẹnu kálípà, rọ́bà mímọ́ kan sọ̀ kalẹ̀ sínú ìgò, ìfóófòó ń gòkè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó ṣì ń rọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá fi túùbù táyà gbígbó de ọwọ́ bíréèkì mọ́ háńdù típẹ́típẹ́, wọ́n ní ká lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyókù afẹ́fẹ́ ti gòkè lọ bá másítà. Ọwọ́ bíréèkì le kánkán.

Ó wá ku kí wọ́n bá ẹni tó ni ín wọ̀n ọ́n. Wọ́n so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ní kí Bàbá Ìbejì gùn ún tàkototàkoto, tòun ti bàtà àti jákẹ́ẹ̀tì. Ṣọ́ọ̀kì tó lè rìn tó mìlímítà 120, ó yẹ kó rì bí 35 lábẹ́ ẹni tó ni ín. Ó rì kọjá bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wo Bàbá Ìbejì, wọ́n wo sípíríǹgì, wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n lọ wá èyí tó le jù ú lọ. Ọ̀wọ̀ ni mo pe ìyẹn.

Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, gbogbo wa tẹ̀ lé e. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan lórí aago ń jẹ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí yóò fi dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ibi tí títì ti mọ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni ni wọ́n ti dán an wò. Ìka méjì péré ni Bàbá Ìbejì fi fa bíréèkì. Iwájú tẹ̀ ní ìwọ̀nba, ó dúró níbẹ̀, táyà di ilẹ̀ mú, alùpùpù dúró ṣánṣán. Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n yí padà, wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣí akoto, ẹ̀rín tó wà lójú wọn, mi ò rí irú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí àwọn ìbejì. (Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ìlà yìí.)

Nítorí náà, ẹ kú oríire gbogbo yín. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ọwọ́ yín dúdú títí di òru, ẹ kú oríire, ẹ ó ní ṣọ́ọ̀bù tiyín. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tó to èjìká, ẹ kú iṣẹ́ ìyè. Ẹ̀yin tó ní ká tà á, ẹ̀yin náà kú oríire. Ẹ máa wá jẹun, a kò ní bi yín ní nǹkan kan. Àṣèyí ṣàmọ́dún o, nínú àlàáfíà, pẹ̀lú egungun pípé.

Sátidé tó ń bọ̀ ni àríyá, ní àgbàlá Bàbá Ìbejì ní Bódìjà, láti aago méjìlá ọ̀sán. Àmàlà wà, gbẹ̀gìrì wà, ewúrẹ́ ti dé. Ẹmu náà á wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gun alùpùpù wá ní láti fi kọ́kọ́rọ́ lé Ìyá Ìbejì lọ́wọ́ kó tó sún mọ́ agbè. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kí àwọn tó dá a padà.