Kí Ìwé Owó-Oṣù Di Ìwé Àkọ́kà Òṣìṣẹ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ó ṣeé ṣe kí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí kò kàn yín, nítorí pé ẹni tí kò mọ̀wé kà kò lè mú ìwé pélébé yìí dání kí ó máa kà á. Ẹ̀yin gan-an ni a ń bá sọ̀rọ̀. Nínú ẹ̀ka ẹgbẹ́ yín, ìbáà ṣe ní ilé iṣẹ́ awọ ní Kánò, ní èbúté Port Harcourt, tàbí níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Àbújá, ẹnì kan wà tí ó ń tẹ̀ka sí ìwé tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ mọ ẹni náà. Ó lè jẹ́ òun ni ó mọ iṣẹ́ jù nínú gbogbo yín. Òun ni ó máa ń ní òun gbàgbé awò ojú òun sílé nígbàkígbà tí àwọn ọ̀gá bá lẹ ìkéde mọ́ ògiri.

Ohun tí àìmọ̀ọ́kà ń gbà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iyì nìkan, owó ni. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí ó ṣàlàyé àdéhùn iṣẹ́ náà: iye owó rẹ̀, wákàtí iṣẹ́ rẹ̀, ìsinmi rẹ̀ àti bí a ṣe lè fòpin sí iṣẹ́ náà. Òfin kan náà sọ pé àpapọ̀ owó tí a bá yọ nínú owó òṣìṣẹ́ láàárín oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦90,000, wọn kò gbọdọ̀ yọ ju ₦30,000 lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ ₦34,000, ta ni yóò sọ fún un?

Ẹ jẹ́ kí a mú owó ìfẹ̀yìntì wò, nítorí ibẹ̀ ni ìyà náà ti máa ń pẹ́ kí ó tó fara hàn. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, ní ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni òṣìṣẹ́ ń dá, agbanisíṣẹ́ sì ń dá ìdá mẹ́wàá. Orí owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni a ti ń ṣírò rẹ̀. Bí àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ₦80,000, ₦6,400 ni yóò kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ yóò fi ₦8,000 kún un, yóò sì di ₦14,400 lóṣooṣù. Láàárín ọdún kan, ó di ₦172,800. Ọjọ́ iṣẹ́ méje péré ni òfin fún agbanisíṣẹ́, lẹ́yìn tí ó bá san owó-oṣù, láti fi owó náà ránṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tí ó lè ṣe ìṣirò yìí lẹ́yìn páálí ìṣáná yóò tètè mọ̀ bí owó kò bá wọlé. Ẹni tí kò lè ṣe é yóò mọ̀ ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe ní èrò tiwa lórí ẹ̀kọ́ àgbà nínú ilé iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, a, b, d ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Bí a bá bi wá, a ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pe ara wọn ní aláìmọ̀wé ni ó ti mọ nọ́ńbà tẹ́lẹ̀: wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, wọ́n sì ń kà á lára owó náírà. Obìnrin tí ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, tí ó sì ń gba àjọ lọ́wọ́ ogún ènìyàn, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, síbẹ̀ ó mọ ẹni tí ó ti kó, ẹni tí ó kù, àti ẹni tí ó jẹ gbèsè ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kò lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹni tí kò mọ ìṣirò. Bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìkan ni kò mọ̀. Èdè Yorùbá tilẹ̀ ti mọ ìyọkúrò kí owó-oṣù tó dé ilẹ̀ wa: nígbà tí a bá ní márùndínláàádọ́ta, àádọ́ta ni a mú, tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwé owó-oṣù ṣe rí.

Nọ́ńbà kò sì ní ẹ̀yà. 8 ni 8 lójú Hausa, Igbo, Yorùbá àti Tiv. Ní ilé iṣẹ́ ní Kàdúná tí èdè mẹ́fà bá ti pàdé, kí a tó parí àríyànjiyàn lórí èdè tí a ó fi kọ́ni ní lẹ́tà, a ti lè kọ́ gbogbo wọn ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lórí pátákó kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà yóò tẹ̀ lé e, ní èdè tí oníkálukú ń sọ nílé. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé owó-oṣù. A kò lè díbọ́n pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ kò pọ̀, ó lè má tó ọgbọ̀n. Kí akẹ́kọ̀ọ́ dá wọn mọ̀ bí ó ti ń dá ojú ẹbí rẹ̀ mọ̀. Kí ó sì mọ èyí tí wọ́n kọ sára ike kẹ́míkà. Àwọn tí ń ṣe ìmọ́tótó ní ilé ìwòsàn àti òtẹ́ẹ̀lì mọ bí ó ṣe rọrùn tó láti da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ìdọ̀tí lè tètè kúrò. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń jẹ́ kílóríìnì ni ó ń jáde níbẹ̀, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìwọ̀n kan kẹ́míkà sí mẹ́wàá omi náà kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú díwọ̀n.

Ìgbà wo ni a ó wá kọ́ ọ? Níhìn-ín ni a ti fẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan dúró gírí. Kíláàsì alẹ́ ni ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fi lọ̀ yín. Ẹni tí ó jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tí ó dúró nídìí ẹ̀rọ títí di ìrọ̀lẹ́, oorun ni yóò sùn nínú kíláàsì alẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin inú wa kò tilẹ̀ ní lè wá rárá, nítorí oúnjẹ ọmọ. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ nínú àkókò iṣẹ́, láìyọ owó ẹnikẹ́ni, ni kí ẹ béèrè fún, kí ó sì wọ inú ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́. Wọn yóò ní ẹ̀rọ kò ní kí òṣìṣẹ́ mọ̀wé. Ẹ bi wọ́n pé ta ni ń san owó ọjà tí ó bàjẹ́ nítorí pé ẹnì kan ṣi òṣùwọ̀n kà. Wọn yóò tún ní bí ó bá mọ̀wé tán, yóò lọ síbòmíràn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé owó tí wọ́n ń san ni ó ń lé e lọ.

Kì í ṣe òní ni òṣìṣẹ́ ti ń fi ìṣirò jà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti àwọn ẹ̀ka ìjọba mìíràn daṣẹ́ sílẹ̀, tí Michael Imoudu sì wà lára àwọn aṣáájú wọn, nọ́ńbà ni wọ́n gbé síwájú ìjọba: owó ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ní dín sí ṣílè méjì àti pẹ́ńsì mẹ́fà, àti àfikún ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà. Òfin ọdún 2024 gbé owó-oṣù tí ó kéré jù dé ₦70,000, ó sì ní kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá sí ìjíròrò náà gbọ́dọ̀ lè sọ ìdá tí ìrẹsì nìkan ń gbà nínú rẹ̀.

Àjọ tí ń rí sí ẹ̀kọ́ àgbà ti wà ní ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 1990, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní tiwọn. Ẹ kọ̀wé sí wọn fún olùkọ́ àti ìwé, ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ìdáhùn. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí oníkálukú mú ìwé owó-oṣù méjì tí ó gbà kẹ́yìn wá. Ẹ bo orúkọ mọ́lẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ kí a mọ iye tí òun ń gbà, ẹ kọ ọ̀kan sára pátákó, kí ẹ sì jọ ṣírò rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí àpapọ̀ tiyín kò bá bá ti ilé iṣẹ́ mu, ẹ kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú oṣù àti ọdún, kí ẹ sì fi lé akọ̀wé ẹ̀ka yín lọ́wọ́ kí ìpàdé tó túká.