Hìjáàbù Kì Í Ṣe Ibojì Irun

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ lójú àwọn kan. Ọ̀rọ̀ irun orí ni. Wọn yóò ní, "Nígbà tí arábìnrin bá ti ń wọ hìjáàbù, ta ni yóò rí irun rẹ̀ tí a fi ń pariwo?" Ìbéèrè yìí gan-an ni ó mú mi gbé kálàmù.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa ìyá mélòó kan wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọbìnrin wa kan tí wọn yóò so yìgì rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ọmọ tí a fi ẹ̀sìn tọ́, tí ó ti ń wọ hìjáàbù láti ilé-ìwé girama. A ní kí ó ṣí orí kí á bá a ṣe irun rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ó kọ̀. Nígbà tí a rọ̀ ọ́ títí, ó ṣí i, ẹnu sì ya gbogbo wa. Láti iwájú orí lọ sí ẹ̀bá etí méjèèjì, irun kò sí níbẹ̀ mọ́. Awọ orí ń dán gbinrin. Ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ṣé n kò lè dé wíìgì ni? Nínú yàrá nìkan ni, ọkọ mi nìkan ni yóò sì rí i." Ọ̀kan nínú wa jágbe mọ́ ọn pé ẹni ègún ni ẹni tí ó bá fi irun kún irun. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Èmi náà dákẹ́. Gbèsè ìdákẹ́ ọjọ́ náà ni mo ń san lónìí.

Òótọ́ ni ìyá yẹn sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Hadiisi tí ó ń tọ́ka sí wà nínú àkójọ Bukhari àti ti Muslim, láti ẹnu Asma ọmọ Abu Bakr, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Obìnrin kan wá bá Ànábì, ó ṣàlàyé pé ọmọbìnrin òun ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó, pé àìsàn kan tí ó máa ń sú sí ara kọlù ú, irun rẹ̀ sì já dànù. Ó béèrè bóyá òun lè fi irun mìíràn kún un. Ànábì kọ̀ fún un, ó sì sọ nípa ègún tí ń bẹ lórí ẹni tí ń fi irun kún irun àti ẹni tí ń ní kí wọ́n fi kún tòun.

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú hadiisi náà. Kì í ṣe oníyangàn, kì í ṣe ẹni tí ń wá ojú ọkùnrin káàkiri ìgboro. Aláìsàn ni, ìyàwó ọ̀ṣìngín ni, bíi ọmọbìnrin tí ó ń sunkún níwájú wa. Bí ẹ̀sìn bá ti ilẹ̀kùn wíìgì mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣé kò wá di ọ̀ranyàn fún àwa tí a ń ka hadiisi náà fún un láti ṣí ilẹ̀kùn ìtọ́jú sílẹ̀? Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni aṣọ kì í ṣe oògùn irun tí ó ń já.

N kò ṣàì mọ̀ pé àlàyé àwọn onímọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Irun ènìyàn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn fi òfin dè gan-an. Àwọn kan láàárín Hanafi àti Hanbali sì fi àyè gba òwú àti irú rẹ̀ tí kì í ṣe irun ènìyàn. Àwọn mìíràn tọ́ka sí Arfajah, sàábé tí wọ́n gé imú rẹ̀ lójú ogun, tí Ànábì sì ní kí ó fi wúrà ṣe imú nígbà tí ti fàdákà ń rùn, bí ó ti wà nínú àkójọ Abu Dawud àti Tirmidhi. Lára ìyẹn ni wọ́n ti yọ ọ́ pé títún àbùkù ara ṣe yàtọ̀ sí fífi ẹwà kún ẹwà. Èmi kì í ṣe mùfútì. Ẹni tí ó bá wà nínú ìnira, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ àfáà tí ó ní ìmọ̀, kí ó má sì ṣe jẹ́ kí ẹni tí kò mọ ju ẹyọ hadiisi kan lọ lé òun padà pẹ̀lú ìtìjú.

Ọwọ́ Ara Wa Ni

Lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, a mú ọmọ yìí lọ bá dókítà tí ń tọ́jú awọ ara. Àwọn kan nílé ti ń sọ pé ayé ni, pé àwọn ọ̀tá ló ń fi irun rẹ̀ ṣe nǹkan. Dókítà wò ó, ó sì béèrè ohun kan ṣoṣo: "Báwo ni ẹ ṣe ń di irun?" Fífà ni ó fa gbogbo rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń di irun rẹ̀ le, tí wọ́n ń fi átáṣímẹ́ǹtì tí ó wúwo kún un, tí òun náà sì ń so fìlà abẹ́ hìjáàbù gírígírí mọ́ ojú kan náà lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá di irun tán, ó máa ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí kí ó tó lè sùn. A sì máa ń sọ fún un pé, "Fara dà á, ẹwà ni."

Ìrora yẹn kì í ṣe ẹwà. Bí awọ iwájú orí bá ń ro ọ́, tí ó ń sú wẹ́wẹ́ ní ìdí irun, tí irun etí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, gbòǹgbò irun ni ó ń ké gbàjarè. Bí a bá tú u sílẹ̀ nígbà náà, irun yóò padà hù. Bí a bá tẹ̀ síwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ihò irun yóò di àpá, irun kì í sì í hù lójú àpá. Kì í ṣe àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni èyí ń ṣe. Greenland, ní òkè ilẹ̀ ayé níbi tí yìnyín wà, ni àkọsílẹ̀ kan ti ọdún 1907 lórí àìsàn yìí ti wá, lára àwọn obìnrin tí ń di irun wọn pọ̀ gírígírí. Ẹni yòówù tí ó bá ń fa irun rẹ̀, àbọ̀ kan náà ni.

Ohun kejì ni rìláásà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé irú kọ́sítíìkì sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Ó máa ń já ohun tí ó so irun pọ̀ nínú ni, ìyẹn ni irun fi ń nà. Ohun tí ó lè tú irun bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì jó awọ orí bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, tàbí bí wọ́n bá tún un kùn lé irun tí ó ti gbà á tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ pé kò ní irú sódà yẹn nínú pẹ̀lú le. Kẹ́míkà mìíràn tí ó ń jóni ni wọ́n fi rọ́pò. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ìlera ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí obìnrin tí ó lé ní 33,000. Wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ilé-ọmọ wọ́pọ̀ ju ìlọ́po méjì lọ láàárín àwọn tí ń lo oògùn tí ń na irun ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ lọ́dún, bí a bá fi wọ́n wé àwọn tí kì í lò ó. Àrùn náà kò wọ́pọ̀, ìwádìí kan ṣoṣo kò sì tó láti parí ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó tó kí onílàákàyè dúró rò ó.

Ìkẹta ni àìbìkítà, òun sì ni ó kan àwa tí ń wọ hìjáàbù jùlọ. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò rí i, a óò di irun fún oṣù mẹ́ta láìtú u. A óò wẹ orí, a kò ní jẹ́ kí ó gbẹ, a óò sì fi fìlà àti aṣọ dé e mọ́lẹ̀. Òmíràn kò ní ṣí orí àní nínú yàrá ara rẹ̀.

Ẹ̀sìn Kọ́ Ni Ó Kọ́ Wa Bẹ́ẹ̀

Nínú Súrà An-Nûr, àáyà kọkànlélọ́gbọ̀n, Ọlọ́hun pe ohun tí obìnrin ń bò ní ọ̀ṣọ́, Ó sì ka àwọn tí ó lè rí i: ọkọ, bàbá, ọmọ, àwọn ará ilé, àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí a ń bò nítorí pé ó níye lórí, ṣé a máa ń jẹ́ kí ó bàjẹ́ nínú àpótí ni? Hadiisi wà nínú àkójọ Abu Dawud pé kí ẹni tí ó bá ní irun máa pọ́n ọn lé. Ìyá wa Aisha ni ó máa ń ya irun Ànábì, àní nígbà tí ó bá wà nínú nǹkan oṣù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ànábì kọ̀ fún wa láti sọ irun yíyà di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ọ̀nà àárín ni: kí á má fi ṣe ọlọ́run, kí á má sì fi ṣe àkìtàn.

Ọ̀rọ̀ ìjọ́sìn pàápàá wà níbẹ̀. Àwọn arábìnrin kan wà tí wọ́n náwó sí irun tí wọ́n fi iná nà, tí wọn kò wá fẹ́ kí omi kàn án mọ́, ìwẹ̀ jánábà sì di ìṣòro. Òmíràn ń tú irun dídì ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ wẹ̀, títí irun fi já tán. Bẹ́ẹ̀ Ummu Salama ti béèrè èyí lọ́wọ́ Ànábì fún wa, nítorí pé irun rẹ̀ a máa le ní dídì. Ànábì dá a lóhùn pé kò pọn dandan kí ó tú u. Kí ó bu omi sí orí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sì da omi sí ara ti tó. Ẹ̀sìn kò ni wá lára. Ohun tí kò lè gba omi ni kí á yẹra fún.

Ohun Tí Ó Yẹ Kí Á Ṣe

1. Kí irun dídì má ṣe dunni. Sọ fún onídìrí kí ó tú èyí tí ó bá ń ro ọ́, má tijú. Ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀ àti irun kíkó dára bí a kò bá fà á le. Má jẹ́ kí ó kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lórí.

2. Irun tí ó ta kókó, fi omi àti òróró rọ̀ ọ́ kí o tó yà á. Òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra ni kí o lò, kí o bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó irun wá sí ìdí. Òrí tàbí àdí àgbọn lórí irun tí ó ṣì tutù díẹ̀ yóò jẹ́ kí ó rọ̀ pẹ́.

3. Jẹ́ kí orí gbẹ kí o tó dé e. Lo fìlà tí ó rọ̀, má so ó le, sì máa yí ojú ibi tí o ń so ó padà. Bí o bá wọlé, ṣí orí rẹ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

4. Má fòyà irun díẹ̀ tí ń já. Àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún irun lè já lójúmọ́ láìsí àìsàn. Irun a máa já púpọ̀ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn ibà ńlá, a sì máa padà hù. Bí sẹ̀ǹtímítà kan ni ó ń gùn lóṣù, nítorí náà, sùúrù ṣe pàtàkì.

5. Bí orí bá ń jó ọ láàárín, tí irun ibẹ̀ ń tán, tàbí tí ó ń já ní ojú kan róbótó, lọ rí dókítà kí ó tó pẹ́. Làpálàpá orí ọmọdé kì í jìnnà pẹ̀lú ìpara nìkan; oògùn mímu ni ó ń fẹ́.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ọkùnrin pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má fi irun aya yín ṣe yẹ̀yẹ́, kí ẹ sì tún wá bínú nígbà tí ó bá dé wíìgì. Owó dókítà wà lára ìtọ́jú ilé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ ń gé apá kan irun tí ẹ ń fi apá kan sílẹ̀, ẹ mọ̀ pé Ànábì kọ̀ ọ́. Kí ẹ sì rí i pé onígbàjámọ̀ fọ ohun èlò rẹ̀ mọ́ kí ó tó kàn yín lórí.

Àbá mi fún ẹgbẹ́ wa rọrùn. Púpọ̀ nínú àwọn arábìnrin wa kì í lọ sọ́dọ̀ onídìrí déédéé, nítorí pé sọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọkùnrin sì ń wọlé ń jáde. Kí ló dé tí a kò lè kọ́ mélòó kan nínú àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ yìí, kí wọ́n ní yàrá tí aṣọ ìkélé wà, tí obìnrin nìkan ń wọ̀? Iṣẹ́ halaal ni, ìrànlọ́wọ́ ni, ó sì ń bo ìhòòhò. Ní ibi ìpàdé àwọn obìnrin pẹ̀lú, kí á máa pe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà obìnrin wá ṣàlàyé.

Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ń tọ́jú ara rẹ̀ títí di òní. Ẹ̀bá etí rẹ̀ hù padà díẹ̀. Iwájú orí kò hù. Dókítà ní bí wọ́n bá ti mú un wá ní ọdún mélòó kan ṣáájú, kì bá má rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbà á bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́hun san án ní ẹ̀san rere. Wọ́n ti bí ọmọbìnrin kan, ìyá rẹ̀ ni ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di irun fún un. Bí ọmọ náà bá sọ pé "ó ń dùn mí", ìyá yóò tú u, yóò sì tún un dì. Ohun tí kò sí ẹni tí ó ṣe fún òun nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí á máa ṣe é fún àwọn ọmọ wa.

Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.