Ogún Ọmọdé, Ogún Ọdún

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Kò sí ibi tí àwọn tó jọ jáde ilé-ìwé girama ti ń péjọ ní Sùúrùlérè tàbí Yàbá tí ẹnì kan kò ní í pa òwe yìí. Ìgbà tí wọ́n bá ka orúkọ àwọn tó ti kú tán ló sábà máa ń bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó pa á á mi orí, àwọn tó kù á ní “òótọ́ ni o”, wọ́n á sì rọ ọtí sí i. Báyìí la ṣe sọ òwe náà di orin arò. Èmi ò gbà pé arò ni àwọn àgbà ń dá nígbà tí wọ́n pa á. Ẹjọ́ ni wọ́n ń dá, wọ́n sì dá gbogbo wa láre.

Ẹ wo àwọn kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí 0, a sì gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdàṣírù Lawal gbá ẹ̀kẹta. Fọ́ọ̀mù kejì ni mo wà. Ẹni tí ilé wọn bá wà ní Ojúẹlẹ́gba lọ́jọ́ náà, ariwo pápá ló fi mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti wọlé kí rédíò tó wí. Àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyẹn jọ jẹ, wọ́n jọ mu, wọ́n jọ sùn ní kám̀pù. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Lawal, tó ti ṣe mẹkáníìkì rí kí bọ́ọ̀lù tó gbé e jáde, kú ní 1991. Best Ogedegbe tó ń ṣọ́ ilé kú ní 2009. Christian Chukwu, balógun wọn, kú ní 2025. Adokiye Amiesimaka lọ sídìí iṣẹ́ òfin, ó di kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ọdẹ́gbàmí di akọ̀wé ìwé ìròyìn, ó sì lọ kọ́ ilé-ìwé sí Wásinmi. Ta ló ṣẹ ta nínú wọn? Kò sẹ́nì kan.

Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. A wọ fọ́ọ̀mù kìn-ín-ní ní 1978. Ní oṣù kẹwàá ọdún tó tẹ̀ lé e, Lateef Jákàńdè di gómìnà Èkó, àwọn òbí wa sì bọ́ lọ́wọ́ owó ilé-ìwé. A ṣe WAEC ní 1983. Ọdún náà kò tíì parí tí àwọn sójà fi gbàjọba, ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ. Nígbà tí ètò ọrọ̀-ajé SAP dé ní 1986 tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, àwọn tó ń fi Andrew orí tẹlifíṣọ̀n ṣe yẹ̀yẹ́, ọkùnrin tí ìjọba fi ń polówó pé kí a má sá nílùú, àwọn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ gba fíísà. JAMB gbé ẹnì kan lọ sí Zaria. Ẹnì kan kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, ó bá ara rẹ̀ ní ọsibítù kan ní London. Ẹnì kan fẹ́ ọkọ lọ sí Kánò. Ẹnì kan jókòó sínú ilé bàbá rẹ̀ ní Múṣin, kò kúrò níbẹ̀ dòní. Kí GSM tó dé ní 2001, ẹni tó bá ti kó kúrò nílé tó ń gbé, ó sọnù nìyẹn.

Ẹ tún òwe náà gbọ́: ó ka ọmọ, ó ka ọdún, kò ka ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ ẹ wọ gúrúùpù WhatsApp wa wò. “Nígbà tó o wà nípò, ṣé o rántí wa?” “Ìwọ tó o wà lókè òkun, o ò wá síbi òkú bàbá mi.” Ogójì ọdún tí ayé fi tú wa ká, a ń wá ẹni tí a máa dì í rù.

Ohun kejì tí òwe náà sọ ni pé eré ló ń tán. Èyí là ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àwọn méjì wà nínú kíláàsì wa tí ìnagijẹ wọn kò kúrò lẹ́nu wa. À ń pe ọ̀kan ní Òdo, nítorí ohun tó máa ń gbà nínú ìṣirò. À ń pe èkejì ní Kọ́bọ̀, nítorí ojoojúmọ́ ló ń yá kọ́bọ̀ kún owó mólúè. Òdo ṣiṣẹ́ báńkì, ó dé ipò ọ̀gá kó tó fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá pè é ní Òdo lójú àwọn ọmọ rẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà kò lè rí i mú mọ́. Kọ́bọ̀ ń ta páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀. Nígbà tí a dá owó aṣọ àti gbọ̀ngàn fún ìpéjọ wa, ẹnì kan kọ ọ́ sí gúrúùpù: “Kọ́bọ̀, ìwọ nìkan ló kù o.” Àwọn tó kù fi ẹ̀rín sí i. Alẹ́ ọjọ́ náà ló jáde.

Wọ́n ní ìgbéraga ni. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ kábúrétọ̀ kan nínú bẹntiróò, dúdú ti gba èékánná rẹ̀ kan. Ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi, ó ní kí wọ́n ra mọ́lítíìnì wá. Ó bi mí léèrè ìyàwó mi, ó bi mí léèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn mí, èyí tí n kò rántí pé mo sọ fún un rí. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá, kò gbójú sókè.

“Mi ò bá yín jà. Ẹ kàn fẹ́ kí n máa ṣe ọmọdé fún yín ni.”

Mo ti gbọ́ àlàyé òwe yìí lẹ́nu àwọn olùkọ́ Yorùbá mi, kò sí èyí tó dé ibẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ní kí eré má tán, ó máa pẹ́ ni, ó máa yá ni, ẹnì kan ni yóò fi ṣeré. Ẹni tí ayé gbè yóò fara dà á. Ẹni tí ayé kò tíì gbè, ohun tí ẹ pè ní eré, orúkọ rẹ̀ ni ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ilé-ìwé gan-an ló kọ́ wa pé ẹni tí ayé gbè nìkan ló tó kà. Igbobi College, tí ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Yàbá ní 1932, ní Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò tó ṣe igbákejì ààrẹ àti Babátúndé Fáṣọlá tó ṣe gómìnà Èkó tó lè fi yangàn, ó sì tọ́ sí i. Kò sí ilé-ìwé tí kò ní irú wọn, bó ti wù kó kéré mọ. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti gbé àwòrán ẹni tó ń ta páàtì kọ́ ògiri gbọ̀ngàn.

Akápò wa, obìnrin tó ti ń kọ́ ọmọ ní Múṣin láti ìgbà tó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kọ orúkọ gbogbo wa jáde bí àwọn òbí wa ṣe sọ wá, ó fi iṣẹ́ oníkálukú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ní kò sí aṣọ lọ́dún yìí. Ẹni tó bá ní kó mú wá, ẹni tí kò bá ní kó wá jẹun. Owó tí ì bá bá aṣọ lọ, ó fi san owó ọsibítù ẹnì kan nínú wa tí kò jẹ́ ká mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn.

Ọkùnrin Ládípọ̀ ti padà wọlé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan béèrè láti Houston pé èló ni gíá Camry báyìí, àbúrò òun ní Sùúrùlérè ló fẹ́ rà á. Ọkùnrin Ládípọ̀ fi fọ́tò gíá náà sí i, ó kọ iye rẹ̀ sábẹ́. Ará Houston bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, ó ń rán an létí fọ́ọ̀mù kejì àti ìjókòó ẹ̀yìn. Kò dín kọ́bọ̀ kan fún un.