Jackson, Ọmọ Ta Ni?



Nígbà ìsinmi tó kọjá, a lọ síbi ìkómọjáde kan ní Aráròmí-Obù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó. Wọ́n ní kí bàbá ọmọ sọ orúkọ, ó ní, "Jackson." Ìyá rẹ̀ tó jókòó níwájú bi í pé, "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ọmọ mi?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ tó dùn-ún pè ni. Ìyá àgbà kò janpata. Ó ju owó sínú abọ́ omi, ó sì pe ọmọ ní Babátúndé, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé kí wọ́n tó bí ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn wa. Nínú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, "son" túmọ̀ sí ọmọkùnrin. Jackson ni ọmọ Jack, Wilson ni ọmọ Will, Johnson ni ọmọ John. Orúkọ ìdílé ni wọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ni wọ́n. Ọmọ tí wọ́n bí ní Aráròmí-Obù wá di ọmọ Jack. Ta ni Jack nínú ẹbí wọn?

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ ìdílé sọ ọmọ. Láyé àtijọ́, Yorùbá kò ní orúkọ ìdílé bí a ti ní in lónìí. Ènìyàn ní orúkọ tirẹ̀, ó ní oríkì, wọ́n sì ń pè é ní ọmọ Lágbájá. Ìgbà tí ìwé ìrìbọmi àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ dé ni orúkọ bàbá tàbí bàbá àgbà di èyí tí gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń jẹ́. Nítorí náà, púpọ̀ nínú orúkọ ìdílé wa ló ti jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ jòjòló kan rí.

Orúkọ ìdílé ẹlòmíràn náà ti wọlé wa tipẹ́. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn. Nígbà tó ṣe ìrìbọmi ní Sierra Leone ní ọdún 1825, wọ́n fún un ní orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì di Crowther. Àmọ́ àwọn kan padà sẹ́yìn. Ní ọdún 1894, David Brown Vincent pa orúkọ yẹn tì, ó di Mojọlá Agbebi.

Àwọn kan nínú wa ní, "Ṣebí àwọn ará Amẹ́ríkà náà ń fi orúkọ ìdílé sọ ọmọ?" Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó nídìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé orúkọ ìdílé ìyá ni wọ́n fi ń sọ ọmọ, kí orúkọ bàbá ìyá má baà parẹ́ nítorí pé ìyá ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ. Àwọn ń fi orúkọ rántí ẹni wọn. Àwa mú ìró orúkọ, a fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Bí a bá fẹ́ ṣe é, ẹ jẹ́ ká ṣe é dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ló wà tí orúkọ bàbá wọn ti kúrò lórí ìwé láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ.

A mọ ohun tí àwọn àgbà yóò sọ. Ta ni yóò máa fi orúkọ bàbá rẹ̀ jágbe mọ́ ọmọ pé kó lọ fọ abọ́? Ìyàwó kì í sì í pe bàbá ọkọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti wá nǹkan ṣe sí i. Bí àgbà bá ti kú, Babátúndé àti Yétúndé ń rántí rẹ̀ láì dárúkọ rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé orúkọ bàbá àgbà gan-an la fẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí ìbí, kí ẹ máa fi oríkì pe ọmọ nílé: Àkànní, Àjàní, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kò ní pẹ́ tí púpọ̀ nínú wa yóò di òbí. Bí ọmọ bá bi wá lọ́jọ́ kan pé, "Kí ló dé tí ẹ fi sọ mí báyìí?", ó yẹ ká ní ìtàn tí a ó sọ fún un. Bàbá Jackson kò tíì ní ìtàn tirẹ̀. Ìyá àgbà ní tirẹ̀, bí wọ́n bá jẹ́ kó sọ ọ́ fún ọmọ náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èrò tiyín fún wa.