Botox: Ìwọ̀n Oògùn Ni Kì Í Jẹ́ Kí Ojú Dà Bí Ère

Àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ Botox kí ojú wọn má baà hunjọ pọ̀ nílùú Ọba báyìí. Ohun kan náà ni wọ́n ń fẹ́: kí ojú jọ̀lọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Ó ṣeé ṣe o, àmọ́ kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ṣáà ti rí abẹ́rẹ́ rà.

Májèlé ni oògùn yìí. Ó máa ń dá iṣan abẹ́ awọ dúró, kó má lè ká ojú jọ mọ́. Tó bá kéré, tó sì bọ́ síbi tó yẹ, ojú á ṣì lè rẹ́rìn-ín. Tó bá pọ̀ jù, ojú á le gbagidi. Tó bá ṣìnà, ìpéǹpéjú á wálẹ̀. Kò sí oògùn tó ń yọ ọ́. Nǹkan bí oṣù 3 sí 4 lèèyàn á fi dúró. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ fi ń fún ni díẹ̀, tí á tún wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2.

Ní England, oògùn tó gbọ́dọ̀ ní ìwé dókítà ni. Síbẹ̀, láàárín oṣù kẹfà sí oṣù keje 2025, àjọ UKHSA ka èèyàn 38 tí botulism mú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ẹwà. Òfin 2022 ti fún ìjọba lágbára láti máa fún àwọn tó ń gún un ní láísẹ́ńsì, ṣùgbọ́n ètò náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn.

Títí wọ́n á fi ṣe é, ẹ bi ẹni tó fẹ́ gún yín: dókítà wo ló kọ ọ́, kí ló wà lára ìgò? Tí kò bá lè dáhùn, ẹ máa gbé ojú yín lọ sílé.