Ìlera Loògùn Ọrọ̀

 

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Tí a bá ti pàtẹ láàárọ̀, orí àpótí la máa ń jókòó sí títí dalẹ́. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò la fi ń pa òùngbẹ. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la ń jẹ ẹ̀bà ńlá, a sì sùn lé e lórí. A ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, a tún da magí sí i. Iyọ̀ kúkú wà nínú magí ọ̀hún!

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ara ẹlòmíràn á dá ṣáṣá títí rọpárọsẹ̀ á fi dé. Ta ló máa wá ṣọ́ ìsọ̀? Owó ọjà á di owó oògùn.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ òòjọ́ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan péré. Wọ́n tún ní ká máa fara ṣiṣẹ́, ó kéré tán, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ẹ tètè sọ̀ nínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn dọ́jà kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ó ti pé nìyẹn.

Ẹ máa yẹ ìfúnpá wò. Tó bá tó 140/90, ẹ má fàgbo tàn án, ẹ lọ rí dókítà.

Owó aṣọ ẹgbẹ́ la fẹ́ máa dá, kì í ṣe owó ìtọ́jú aláìsàn.